Nígbà Tí Pickup Jìtá Bá ń Ta Ko Ara Wọn: Bí Ẹ Ṣe Máa Dán Wọn Wò Kí Ẹ Tó Jó Wọn Mọ́ Súwíìṣì

Iṣẹ́ kan wà tó máa ń dójú ti ọ̀pọ̀ olórin tó ń tún jìtá ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n á ra pickup tuntun (ohun olóòfà abẹ́ okùn tó ń sọ mímì okùn di iná tó ń lọ sí áńpù), wọ́n á yọ ti àtijọ́, wọ́n á jó wáyà méjèèjì síbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Bí wọ́n bá ta pickup tuntun yẹn nìkan, ohùn rẹ̀ dára. Àmọ́ gbàrà tí wọ́n bá ti súwíìṣì sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, níbi tí pickup méjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ohùn á rẹ̀ wálẹ̀, bass á sá lọ, ohun tó kù á tín-ín-rín bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Bẹ́ẹ̀ pickup náà kò ní àbùkù kankan. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló ń ta ko ara wọn, mítà kan àti súkúrúdíráfà kan ì bá sì ti fi èyí hàn lórí tábìlì kí soldering iron tó gbóná.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Ẹ dán pickup kọ̀ọ̀kan wò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ tó jó o. Jìtá oní-pickup mẹ́ta irú Stratocaster (Strat ni ìkékúrú rẹ̀) ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó rọrùn láti tú, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn láti máa pààrọ̀ pickup rẹ̀. Ibi tó bá ti kan humbucker, ìyẹn pickup tó ní kọ́ìlì (ìdì wáyà) méjì tó ń pa ariwo iná, màá sọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Mítà tó ní ipò 20k fún ọ́ọ̀mù (Ω). Èyí tí àwọn oníná ń lò, tí kò wọ́n, ti tó. Bí tiyín bá ń fúnra rẹ̀ yan ipò, ẹ wá bọ́tìnnì tí yóò mú un dúró sójú kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà á máa fò lójú yín.
- Kọ́ńpáàsì kékeré alábẹ́rẹ́. Ẹ fi ti fóònù sílẹ̀, nítorí òòfà pickup máa ń da orí rẹ̀ rú.
- Súkúrúdíráfà onírin tí òòfà lè fà. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kan pickup wò. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá òmíràn.
- Soldering iron tó tó wáàtì 40, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, àti lẹ́ẹ̀dì 60/40 tó ní rosin nínú. Ásíìdì tí àwọn tó ń jó rédíétọ̀ mọ́tò ń lò kò gbọdọ̀ dé inú jìtá yín. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ wáyà títí yóò fi já.
- Tépù bébà, bíírò àti ìwé.

Ìpele 1: Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ jìtá bó ṣe wà

Kí ẹ tó yọ okùn kankan, ẹ ki wáyà bọ jìtá bí ẹni fẹ́ ta á, kí ẹ ṣí fólúùmù àti tone dópin. Ẹ gbé mítà sí 20k, ẹ fi ẹnu pupa kan ṣóńṣó jáàkì kejì wáyà náà, ẹ fi dúdú kan ara rẹ̀. Ẹ ti súwíìṣì láti ipò 1 dé 5, ẹ kọ nọ́ńbà márààrún sílẹ̀. Pickup 6 kΩ tó wà lórí fólúùmù 250 kΩ yóò fi nǹkan bíi 5.9 hàn, torí pé fólúùmù náà ń fa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ipò 2 àti 4, ẹ ó rí nǹkan bíi ìdajì, ìyẹn 3 kΩ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú pickguard (ike pẹlẹbẹ iwájú jìtá tí pickup wà lára rẹ̀), kí ẹ ya fọ́tò wáyà láti igun mẹ́ta ó kéré tán. Fọ́tò kan kì í tó. Wáyà tí òmíràn bò mọ́lẹ̀ nínú fọ́tò ni ẹ máa wá nílò.

*Àyẹ̀wò:* Nọ́ńbà márùn-ún wà nínú ìwé yín, ẹ sì lè fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti pickup dé súwíìṣì nínú fọ́tò.

Ìpele 2: Ẹ pinnu ibi tí pickup máa jókòó àti bó ṣe máa kọjú

Okùn jìtá kì í mì bákan náà jálẹ̀ gígùn rẹ̀. Nítòsí bridge, ìyẹn ibi tí okùn ti so mọ́ ara jìtá, kì í fì púpọ̀, ohùn òkè ló sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń lọ sọ́nà ọrùn, ó ń fì sí i, ohùn ìsàlẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ohùn pickup bridge fi mú, tí ti ọrùn sì kún. Kò sí wáyà tí ẹ lè jó tí yóò sọ ọ̀kan di èkejì.

Lórí Stratocaster, tí okùn rẹ̀ gùn tó mìlímítà 648, pickup ọrùn wà ní nǹkan bíi mìlímítà 162 sí bridge, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn kan gbà pé ojú ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ohùn Strat, torí pé ibẹ̀ ni apá kẹrin ohùn okùn kì í ti í mì rárá, wọ́n á sì kọ jìtá oní-fret 24 (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá) nítorí pé pickup rẹ̀ ti sún kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni fún okùn tí ẹ kò tẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá tẹ fret kẹta, okùn ti kúrú, ojú tí kì í mì náà sì ti sún lọ síbòmíràn. Jíjìnnà sí bridge ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ojú kan pàtó.

Pickup bridge Stratocaster jókòó ní ìdagẹ̀rẹ̀: ìhà rẹ̀ tó wà lábẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sún mọ́ bridge ju ìhà okùn nípọn lọ. Nítorí náà okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń dún wínníwínní, okùn nípọn ń kún. Ọwọ́ òsì ni Jimi Hendrix fi ń ta jìtá, jìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sì ń dorí rẹ̀ kodò lò, torí náà ìdagẹ̀rẹ̀ yìí yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn nípọn ló wá sún mọ́ bridge, ohùn ìsàlẹ̀ le, ohùn òkè rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ lórí jìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ra pickguard tí wọ́n gé ihò bridge rẹ̀ sí ìdagẹ̀rẹ̀ òdìkejì. Fún ẹni tó ń ta bass àti lead pọ̀ lórí jìtá kan ṣoṣo, ó tọ́ sí ìnáwó náà.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá yí pickup po nínú ihò rẹ̀, kí ẹ̀yìn di iwájú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko èkejì, tàbí pé yóò dẹ́kun títa kò ó. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Ojú òòfà tó kọjú sí okùn tẹ́lẹ̀ ló ṣì kọjú sí i, wáyà tí wọ́n wé gba apá ọ̀tún lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè ṣì gba apá ọ̀tún. Ohun tó yí padà ni gíga ọ̀pá òòfà, bí wọn kò bá dọ́gba: ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n ṣe fún okùn B á bọ́ sábẹ́ okùn A, okùn A á wá máa dún rẹlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Jìtá Les Paul ọdún 1959 tí Peter Green lò nínú Fleetwood Mac ló fa ìdàrúdàpọ̀ yìí jù. Bó bá ti súwíìṣì sí àárín, ohùn rẹ̀ á ṣófo nínú, á máa sunkún. Àwọn ènìyàn rí i pé pickup ọrùn rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, wọ́n lọ yí tiwọn po, ohùn náà kò wá. Òòfà inú pickup náà ló wà ní ìdojúdé, òun ló ń ṣiṣẹ́. Jìtá yẹn kọjá lọ sọ́wọ́ Gary Moore, ó sì dọ́wọ́ Kirk Hammett ti Metallica lẹ́yìn náà, ohùn náà sì ń bá a lọ.

Fún humbucker, yíyí po ní ìtumọ̀ díẹ̀: kọ́ìlì tó wà nítòsí bridge yóò yí padà. Bí kọ́ìlì méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, agbára káká ni ẹ fi máa gbọ́ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá ń pa ọ̀kan nínú wọn, ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wò láti òkè tààrà. Okùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba orí ọ̀pá tirẹ̀ kọjá.

Ìpele 3: Ẹ wọn kọ́ìlì

Ẹ lẹ tépù mọ́ pickup kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ “ọrùn”, “àárín”, “bridge” sí i. Ẹ fi ẹnu mítà kan wáyà méjèèjì. Pickup irú Strat sábà máa ń wà láàárín 5.5 sí 7 kΩ. Humbucker irú àtijọ́ máa ń wà láàárín 7.5 sí 8.5 kΩ. Bí mítà bá fi OL tàbí 1 nìkan hàn, wáyà inú ti já.

Ẹ má fi nọ́ńbà yìí díwọ̀n bí pickup ṣe lágbára tó. Wáyà 42 AWG, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 0.06, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń wé. Bí ẹnìkan bá fi 43 AWG wé e, èyí tó tún tín-ín-rín sí i, nọ́ńbà á ga láìjẹ́ pé òòfà tàbí iye ìgbà tí wọ́n wé e yí padà.

Ẹ ṣọ́ra. Nínú pickup Strat irú àtijọ́, ara ọ̀pá òòfà gan-an ni wọ́n wé wáyà mọ́. Ẹni tó bá ti ọ̀pá náà sókè tàbí sísàlẹ̀ pé òun fẹ́ tún gíga rẹ̀ ṣe yóò já wáyà inú, ìyẹn sì parí.

*Àyẹ̀wò:* Bí pickup bá ní ìbòrí irin, ẹ fi ẹnu mítà kan ìbòrí náà àti wáyà kọ̀ọ̀kan. Wáyà earth, ìyẹn èyí tí kì í lọ sí súwíìṣì, nìkan ló yẹ kó bá a pàdé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó máa wúlò ní ìpele 6.

Ìpele 4: Ẹ wo ojú òòfà

Ẹ tẹ́ pickup sílẹ̀ kí orí rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ rọra mú kọ́ńpáàsì bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì dúró gbàrà tí abẹ́rẹ́ bá yí sọ́dọ̀ pickup. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu tó máa ń tọ́ka sí àríwá ló yí sí orí ọ̀pá, ojú gúúsù ló wà lókè. Bí ó bá jẹ́ ẹnu kejì ni, ojú àríwá ni. Ẹ kọ “G” tàbí “A” sórí tépù.

Ẹ má sáré gbé kọ́ńpáàsì lé òòfà lórí. Òòfà pickup lágbára tó láti yí abẹ́rẹ́ kékeré padà pátápátá, kí àríwá rẹ̀ di gúúsù, gbogbo ohun tí ẹ bá sì kọ lẹ́yìn ìyẹn á di irọ́. Ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì lẹ́yìn pickup kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé ó ṣì ń tọ́ka síbi tó yẹ.

Bí ẹ kò bá rí kọ́ńpáàsì, ẹ kọjú orí pickup méjì síra wọn, kí ẹ dì wọ́n mú gírígírí. Bí wọ́n bá ń fa ara wọn, ojú òòfà wọn yàtọ̀. Bí wọ́n bá ń ti ara wọn, ojú kan náà ni.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ìpele 5: Ẹ fi súkúrúdíráfà dán an wò

Ìpele yìí ni àwọn ènìyàn kì í ṣe, òun gan-an sì ni iṣẹ́ dúró lé. Ẹ so ẹnu pupa mítà mọ́ wáyà ohùn (èyí tó ń lọ sí súwíìṣì), dúdú mọ́ wáyà earth, kí mítà wà ní 20k. Ẹ dúró kí nọ́ńbà fìdí múlẹ̀, ká ní ó jẹ́ 6.02. Ẹ gbé irin súkúrúdíráfà lé orí ọ̀pá òòfà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tún fìdí múlẹ̀. Wàyí o, ẹ já a kúrò lójijì, kí ojú yín má kúrò lára mítà. Nọ́ńbà á fò fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bóyá sókè sí 6.3, bóyá sísàlẹ̀ sí 5.7, kó tó padà sí 6.02. Bó ṣe tóbi tó kò ṣe pàtàkì. Ọ̀nà tó fò gbà ni ẹ ń wá. Ẹ kọ “òkè” tàbí “ìsàlẹ̀”.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Ìkíní, àwọn kan á wo nọ́ńbà nígbà tí irin ń kan ọ̀pá fún pickup kan, wọ́n á wò ó nígbà tí irin ń kúrò fún òmíràn. Ìdáhùn méjèèjì yàtọ̀ síra, torí náà fífà kúrò nìkan ni kí ẹ máa wò. Èkejì, wọ́n á pààrọ̀ pupa àti dúdú láàárín iṣẹ́ láìfura.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún fún pickup kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan náà ló gbọ́dọ̀ máa fò gbà.

Ìpele 6: Ẹ ka ohun tí ẹ rí, kí ẹ tún un ṣe

Ariwo iná, ìyẹn èyí tó máa ń kùn nínú áńpù bí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ bá ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò mọ̀ bóyá òòfà wà nínú pickup. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wé wáyà nìkan ló mọ̀. Ohùn okùn mọ méjèèjì: òòfà àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wé wáyà. Ẹni tó bá di gbólóhùn yìí mú ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó tẹ̀lé e nìyí fún pickup èyíkéyìí méjì tó máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀:

1. Ojú òòfà kan náà, súkúrúdíráfà fò sọ́nà kan náà. Ohùn ń bá ara wọn lọ, ó kún. Ariwo iná kò dín kù.
2. Ojú òòfà yàtọ̀, súkúrúdíráfà fò sọ́nà kan náà. Èyí ló dára jù. Ohùn kún, ariwo iná ń pa ara rẹ̀. Irú pickup àárín tó ń ṣe báyìí ni àwọn tó ń tà á ń pè ní RWRP (reverse wound, reverse polarity), torí wíwé wáyà rẹ̀ àti ojú òòfà rẹ̀ jẹ́ òdìkejì ti àwọn tó kù.
3. Ojú òòfà kan náà, súkúrúdíráfà fò sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn ń ta ko ara wọn, ó tín-ín-rín, àmọ́ kò sí ariwo. Àìsí ariwo yìí ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti dára.
4. Ojú òòfà yàtọ̀, súkúrúdíráfà fò sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn tín-ín-rín, ariwo sì wà ńbẹ̀.

Àtúnṣe ti 3 àti 4 jẹ́ ọ̀kan náà: ẹ pààrọ̀ wáyà pickup kan ṣoṣo nínú méjèèjì, kí èyí tó ń lọ sí súwíìṣì lọ sí earth, kí ti earth lọ sí súwíìṣì. Ẹni tó bá pààrọ̀ ti méjèèjì ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lórí Strat, pickup àárín ni kí ẹ fọwọ́ kàn, torí òun ló ń bá ọrùn ṣiṣẹ́, òun ló tún ń bá bridge ṣiṣẹ́. Àfi bó bá jẹ́ pé bridge tuntun nìkan ni súkúrúdíráfà rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà náà, bridge ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbòrí irin. Pickup ọrùn jìtá Telecaster ní ìbòrí tí wọ́n so mọ́ wáyà earth rẹ̀. Bí ẹ bá kàn pààrọ̀ wáyà, ìbòrí náà á wá di ara wáyà ohùn, á máa gba ariwo wọlé bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ gé irin kékeré tó so ìbòrí mọ́ wáyà, kí ẹ fa wáyà kẹta láti ara ìbòrí lọ sí earth, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pààrọ̀. Bákan náà ni fún irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ pickup bridge rẹ̀. Humbucker irú àtijọ́, tó ní wáyà ẹyọ kan tí okùn irin híhun bò, kò ṣeé pààrọ̀ báyìí rárá. Òòfà inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bí ẹ kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohùn tín-ín-rín yìí kì í ṣe àbùkù fún gbogbo ènìyàn o. Nínú ẹgbẹ́ jùjú tí jìtá bíi mẹ́ta, mẹ́rin ti ń wé mọ́ra, jìtá tí bass rẹ̀ ti lọ lè rí àyè gbà níbi tí èyí tó kún kò ti rí i. Kí ẹ sáà ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ yàn án.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má bàa máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ipò 2 àti 4 lórí Strat tó péye pàápàá máa ń rọ̀ díẹ̀ ju ipò tó kù lọ, ohùn àárín rẹ̀ á sì ṣófo díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Okùn E nípọn ni ẹ máa fi mọ ìyàtọ̀: ẹ ta á ní ipò 5, ẹ ta á ní ipò 4. Bí bass rẹ̀ bá ṣì wà bó tilẹ̀ rọ̀, ó dára. Bí bass bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, wọ́n ń ta ko ara wọn.

Ìpele 7: Bó bá jẹ́ humbucker oníwáyà mẹ́rin

Níbí ni àwọ̀ wáyà ti ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Seymour Duncan àti DiMarzio, ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe pickup, ń lo àwọ̀ mẹ́rin kan náà, ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ti Seymour Duncan: dúdú ni wáyà ohùn, ẹ so pupa àti funfun pọ̀, ewé àti wáyà ìhòòhò lọ sí earth. Ti DiMarzio: pupa ni wáyà ohùn, ẹ so dúdú àti funfun pọ̀, ewé àti ìhòòhò lọ sí earth. Ẹni tó bá jó DiMarzio tẹ̀lé ìwé Seymour Duncan á gba nǹkan mìíràn pátápátá.

Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ṣe pickup, ẹ fi mítà wá wáyà méjì-méjì tó bára wọn pàdé. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan á fi nǹkan bíi 4 kΩ hàn. Ẹ ṣe ìdánwò súkúrúdíráfà lórí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹnu mítà títí nọ́ńbà á fi fò sókè. Wáyà tí ẹnu pupa wà lára rẹ̀ nígbà náà, ẹ sàmì “+” sí i, èkejì “−”. Ẹ jó “+” kọ́ìlì àkọ́kọ́ sí súwíìṣì, ẹ so “−” rẹ̀ mọ́ “+” kọ́ìlì kejì, kí “−” kejì lọ sí earth pẹ̀lú wáyà ìhòòhò. Ọ̀nà yìí kò bìkítà fún àwọ̀.

Bí ẹ bá tò wọ́n báyìí lọ́kan tẹ̀lé ọ̀kan, mítà á ka nǹkan bíi 8 kΩ, ohùn á nípọn, á sì lágbára. Bí ẹ bá so “+” méjèèjì pọ̀, “−” méjèèjì pọ̀, mítà á ka 2 kΩ, ohùn á mọ́ sí i, agbára rẹ̀ á dín kù, kò sì ní sí ariwo iná síbẹ̀.

Àwọn tó ń pa kọ́ìlì kan máa ń rí ìṣòro yìí: wọ́n pa kọ́ìlì kan lára pickup ọrùn, wọ́n pa kan lára bridge, ariwo wá bo ipò àárín. Ìdí ni pé irú kọ́ìlì kan náà ló kù lára méjèèjì. Lórí Seymour Duncan, bí ẹ bá fi súwíìṣì so pupa-àti-funfun mọ́ earth, kọ́ìlì tí kò ní súkúrúù ló kù. Lára pickup kejì, ẹ so pupa-àti-funfun mọ́ wáyà ohùn dípò earth, kí kọ́ìlì onísúkúrúù kù. Ohùn wọn á bára wọn lọ, ariwo á sì pa ara rẹ̀.

Fólúùmù 500 kΩ ni humbucker sábà máa ń bá lọ, pẹ̀lú capacitor 0.022 µF lórí tone. Pickup oníkọ́ìlì kan ń bá 250 kΩ àti 0.047 µF lọ. Bí fólúùmù bá ṣe ga tó ni ohùn òkè ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ gbìyànjú èyí kí ẹ tó ra pickup tuntun nítorí pé ti àtijọ́ mú jù tàbí ó ṣú jù, torí owó pot kan (ẹ̀yà tí ẹ ń yí fún fólúùmù tàbí tone) kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pickup.

*Àyẹ̀wò:* 8, 4 tàbí 2 kΩ. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ gédégédé sí mẹ́ta yìí, ẹ tún wáyà wò kí ẹ tó jó o.

Ìpele 8: Ẹ jó o

Ẹ bo ara jìtá pẹ̀lú aṣọ. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kan ẹnu wáyà àti etí súwíìṣì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yìn pot máa ń gba ooru púpọ̀, torí náà ẹ fi fáìlì tàbí bébà oníyanrìn ha á díẹ̀ kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un. Bí lẹ́ẹ̀dì kò bá yọ́ tàn ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé iron kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìdúró pẹ́ níbẹ̀ ló ń jó inú pot. Lẹ́ẹ̀dì tó dára ń dán, ó sì tẹ́. Èyí tó rí róbótó tí kò dán kò mú.

Ẹ tún mítà kì bọ jáàkì bíi ti ìpele 1, ẹ fi nọ́ńbà márùn-ún tuntun wé ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áńpù, ẹ má ta okùn. Ẹ ti súwíìṣì láti 1 sí 2: bí ẹ bá ní RWRP, ariwo á lọ sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan okùn: ariwo gbọ́dọ̀ dín kù. Bó bá jẹ́ ńṣe ló pọ̀ sí i, ẹ ti pààrọ̀ wáyà méjèèjì níbi jáàkì.

Ẹ má fi èyí ṣeré. Okùn jìtá bá earth áńpù pàdé. Níbi tí earth kò bá sí nínú ilé, tàbí tí áńpù àti míksà ń lo jẹnẹrétọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná lè gbà láti máíkì sára yín bí ẹnu bá kan máíkì tí ọwọ́ sì wà lórí okùn. Ẹ fi mítà wọn iná AC láàárín okùn àti irin máíkì kí ẹ tó kọrin. Bí nọ́ńbà kan gbòógì bá yọ, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ pe oníná.

Ìpele 9: Ẹ tún gíga rẹ̀ ṣe

Ẹ tẹ okùn E méjèèjì ní fret tó gbẹ̀yìn. Fún pickup Strat irú àtijọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 2.4 láàárín ọ̀pá àti okùn nípọn, àti 2 lábẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Pickup bridge lè sún mọ́ okùn díẹ̀ ju ti ọrùn lọ, nítorí okùn kì í fì púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ yí i ní ìdá mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́tí.

Gbígbé pickup sókè jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀. Ohùn á kọ́kọ́ le, inú yín á dùn, àmọ́ òòfà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn nípọn. Ẹ tẹ okùn E nípọn ní fret 12 sókè: bí ohùn bá ń gbọ̀n bíi pé okùn méjì ló ń dún pọ̀, tí kò sì bá tuner mu bí ẹ ti wù kí ẹ tún bridge ṣe tó, òòfà ló ń fà á. Ẹ sọ pickup náà kalẹ̀ títí gbígbọ̀n yẹn á fi lọ, kí ẹ wá gbé àwọn tó kù sí i títí ipò márààrún á fi dún dọ́gba lẹ́tí yín.